Kábéèjì Inú Bọ́kẹ́ẹ̀tì Ọ̀dà

Àjákù tapólì ni mo wá lọ sí Creek Road ní ọjọ́ náà. N kò wá ìyàwó. Ìyàwó mi ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án, mo sì ti mọ bí a ṣe ń se ìrẹsì ẹnì kan.

Oṣù kìíní ni. Oòrùn mú. Mo ti gbin irúgbìn kábéèjì sínú ike kéékèèké lórí bákónì mi ní Ajégúnlẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń yọjú ni oòrùn ń jó wọn. Wọ́n ní àwọn tó ń rán tapólì ọkọ̀ ńlá máa ń ní àjákù. Mo lọ.

Obìnrin kan jókòó sídìí maṣíìnì lábẹ́ páànù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn tírélà ń tò sí. Tapólì aláwọ̀ búlúù bò ó láti ẹsẹ̀ dé àyà. Kò gbójú sókè.

"Ẹ kú iṣẹ́," ni mo wí.

"Ẹ ṣeun, bàbá. Tírélà yín dà?"

"N kò ní tírélà. Àjákù ni mo fẹ́."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Ìbòòji."

"Fún ta ni?"

"Fún kábéèjì."

Ó dá maṣíìnì dúró. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Kábéèjì tí wọ́n ń kó wá láti Jọ́ọ̀sì? Ní Ajégúnlẹ̀? Bàbá, ẹ rọra o."

"Mo ń rọra."

Ó wá àjákù kan tó dára. Ó ká etí rẹ̀, ó rán an, ó sì lu ihò mẹ́rin sí i fún okùn. Mo ní n kò ní kó rán an.

"Àjákù tí a kò bá rán etí rẹ̀, afẹ́fẹ́ á fà á ya," ló wí. "Ẹ mú un lọ. Bí kábéèjì yín bá jáde, ẹ wá sọ fún mi."

"Ó lè má jáde."

"Ẹ wá sọ fún mi pé kò jáde."

Mo padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Mo sọ fún un pé mẹ́ta ti kú. Ó ní kí n jókòó. Mo jókòó lórí táyà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo sọ fún un pé méjì tún kú. Ó bu omi fún mi. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kò sí ohun tó kú, ṣùgbọ́n mo lọ.

Fàúsátù ni orúkọ rẹ̀; Ìyá Ìsìmáílà ni wọ́n ń pè é. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta ti ní ilé tiwọn, ó sì ti padà sílé bàbá rẹ̀ láti máa tọ́jú rẹ̀. Èmi jẹ́ ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi gbé ẹrù sókè tí mo fi ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní wáàfù Àpápá. Iṣẹ́ wíǹṣì kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọwọ́ la fi ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀: gbé e, dá a dúró, sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó ti mọ́ mi lára.

Akpos ló kọ́kọ́ fura. Ara Wàrí ni, awakọ̀ tírélà, ìsàlẹ̀ ilé tí mò ń gbé ló háyà. Nígbà tí kò bá sí lórí ìlà àwọn tírélà ní èbúté Tin Can, ẹnu ọ̀nà wa ló máa ń jókòó sí.

"Bàbá Tèmí," ló wí ní àárọ̀ ọjọ́ kan, "this week nìkan, ẹ ti lọ Creek Road ẹ̀ẹ̀mẹta. Tapólì kí lẹ ń rà? Ẹ ò ní mọ́tò."

"Ti kábéèjì ni."

"Kábéèjì ló wá ń lo lọ́fínńdà?"

Mo kọjá lọ.

Ní oṣù kejì, mo sọ ohun tó wà lọ́kàn mi fún Fàúsátù. Awakọ̀ kan dúró tì wá nítorí tapólì rẹ̀. Mo dúró títí ọkùnrin náà fi lọ ra búrẹ́dì.

"Fàúsátù, mo fẹ́ fẹ́ ọ."

Ó rán ẹ̀gbẹ́ kan tapólì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tapólì tírélà gùn. Mo dúró.

"Ẹ lọ bá bàbá mi," ló wí nígbẹ̀yìn.

"Bàbá rẹ ṣì wà?"

"Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún. Ó le ju èmi àti ẹ̀yin lọ. Òun ló fà mí lé ọkọ mi àkọ́kọ́ lọ́wọ́. Bí kò bá fà mí lé yín lọ́wọ́, n kò ní jáde nílé rẹ̀ bí olè."

Ọmọ mi Tèmítọ́lá pè mí láti Ìbàdàn ní ọjọ́ kejì. Akpos ti sọ fún un.

"Dádì, ṣé ẹni tí yóò máa se oúnjẹ lẹ nílò? Mo lè wá ẹnì kan."

"Mo mọ oúnjẹ í sè."

"Kí lẹ wá fẹ́?"

Kò sí ìdáhùn tí bàbá lè fún ọmọ rẹ̀ obìnrin sí ìbéèrè yẹn. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára.

Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti kú tán. Àwọn àbúrò mi wà lókè òkun. Akpos ni mo mú ṣe alárinà. Ó wọ àgbádá funfun tó yá lọ́wọ́ ẹnì kan, apá rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀.

Lára géètì ilé bàbá Fàúsátù ni wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ pé: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Ìdílé Ọdẹ́yẹmí ló ni ilẹ̀ púpọ̀ ní àdúgbò yẹn kí ìlú tó kún. Alájì Àṣírù, bàbá Fàúsátù, jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lórí àga onígi. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ìró bàtà wa láti ẹnu géètì. A dọ̀bálẹ̀.

"Ta ni alárinà?"

"Èmi ni, sà," ni Akpos wí.

"Ọmọ ibo ni ọ́?"

"Wàrí, sà."

"Ọmọ Wàrí ló wá bá Yorùbá tọrọ ìyàwó lọ́wọ́ Yorùbá." Ó mi orí. "Ẹ dìde. Ìwọ ọkọ, ilé rẹ dà?"

"Mo háyà yàrá méjì, sà. Lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì."

"Láti ìgbà wo?"

"Ọdún mọ́kànlélógójì."

"Ọdún mọ́kànlélógójì lórí ilẹ̀ onílẹ̀." Kò pariwo. Ó kàn sọ ọ́. "Ṣọ́ọ̀ṣì lò ń lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ìyẹn kò dùn mí. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni bàbá mi ti mú ìyá mi. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló dùn mí. Ọkùnrin tí kò ní ibi tó lè gbin ohun kan sí, kí ló fẹ́ fi bọ́ ọmọ mi?"

Ó yẹ kí n tún dọ̀bálẹ̀ ni. Ó yẹ kí n bẹ̀bẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi ni pé: "Ọmọ yín ń bọ́ ara rẹ̀, sà."

Akpos fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi.

"Mo sì ń gbin nǹkan," ni mo fi kún un.

"Níbo? Lórí orí rẹ?"

"Nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà, lórí bákónì. Kábéèjì ni."

Alájì rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Fàúsátù gbé omi jáde láti inú ilé, ó fún un mu, ó tún wọlé. Kò wo ọ̀dọ̀ mi.

"Ó dára," ni Alájì wí nígbà tó lè mí. "Ọ̀rọ̀ tìrẹ ni mo gbé fún ọ yìí. Bí kábéèjì bá di orí nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkun yìí, gbé e wá kí n fọwọ́ kàn án, kí o sì mú ọmọ mi lọ. Bí kò bá dì, má padà wá síbí."

"Ó dára, sà," ni mo wí.

Akpos kò lè mú un mọ́ra títí a fi dé ìta. "Bàbá, wetin be this? Ènìyàn wá tọrọ ìyàwó, ẹ wá lọ fi kábéèjì ta tẹ́tẹ́! Ẹ ò lè bẹ̀bẹ̀ ni? Ẹnu yín wúwo tó bẹ́ẹ̀?"

Fàúsátù kò rẹ́rìn-ín rárá. Ní ọjọ́ kejì, mo bá a nídìí maṣíìnì.

"Ẹ̀yin méjèèjì fi mí ta tẹ́tẹ́ lórí kábéèjì," ló wí. "Èmi, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta. Ẹ padà lọ bá a. Ẹ bẹ̀ ẹ́. Yóò gbà."

"Mo ti sọ̀rọ̀."

"Ọ̀rọ̀ ẹnu yín lẹ fẹ́ fẹ́. Kì í ṣe èmi."

Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. N kò padà lọ.

Mo wá bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà mẹ́wàá. Mo fi ìṣó gbígbóná lu ihò sí ìdí wọn. Mo ra ilẹ̀ dúdú lọ́wọ́ àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì, mo pò ó mọ́ ìgbẹ́ adìẹ tó ti gbẹ. Mo lọ́ àwọn tó kù lára ọ̀gbìn mi sí i. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni mò ń fa omi kànga ilé wa gun òkè.

Gbòǹgbò wọn kò mú. Etí ewé ń jó bí ìwé tí iná kàn. Mo rò pé oòrùn ni. Mo fi omi kún omi. Wọ́n túbọ̀ ń jó.

Fàúsátù wá wò wọ́n ní ọjọ́ Àìkú kan. Inú ń bí i sí mi, ṣùgbọ́n ó wá. Ó ti ìka bọ inú garawa omi, ó fi kan ahọ́n.

"Ṣé omi yìí lẹ ń mu?"

"Rárá. Ti mẹ́rúwà ni mò ń rà. Ti kànga yìí níyọ̀."

"Ẹ̀yin kò lè mu ún. Ẹ wá ń fún ọmọ tuntun mu."

Mo ti ń gbé Ajégúnlẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélógójì. N kò fi omi yẹn se ìrẹsì rí. Kò wá sí mi lọ́kàn. Kí oṣù kẹrin tó parí, gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ti kú. Iyọ̀ ti wọ ilẹ̀ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Mo dà á nù, mo sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìgbà òjò ni mo gbin èkejì, ní oṣù kẹfà. Omi òjò ni mò ń gbà sílẹ̀, bí òjò bá dá, omi mẹ́rúwà ni. Fàúsátù rán tapólì tuntun fún mi, èyí tó ní okùn tí mo lè fi ká a sókè bí oòrùn bá rọ̀. Mo fún un ní kọ́kọ́rọ́ ilé. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí mo bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, yóò wá gbálẹ̀, yóò se oúnjẹ sílẹ̀, yóò sì lọ kí bàbá rẹ̀ tó bèèrè oúnjẹ ọ̀sán. Nígbà míràn a kì í rí ara wa. Mo máa ń bá ọbẹ̀ lórí sítóòfù, ó máa ń gbóná síbẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, kábéèjì náà dára. Ewé wọn fẹ̀ bí àwo oúnjẹ. Mo ń ka ọjọ́. Ọkùnrin tó ta irúgbìn fún mi ti sọ fún mi pé ewé àárín yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ká wọ inú ara wọn, wọn yóò dì bí ọwọ́ tó di ẹ̀ṣẹ́.

Ní ìparí oṣù keje, mo rí i pé àárín bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì ti ṣófo. Ohun kan ti gé e. Ewé kan méjì náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo rò pé kòkòrò ni. Mo ṣa kòkòrò. Mo fọ́n eérú. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mẹ́ta míràn. Mo rẹ ewé dongoyárò, mo da omi rẹ̀ lé wọn lórí. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, méjì. Mo ra pańpẹ́ eku.

"Eku kì í jẹ oúnjẹ tó korò," ni Akpos wí, ó ń gbóòórùn dongoyárò náà. "Bàbá, enemy wà nínú ilé yìí o."

N kò sọ fún Fàúsátù. Ọkùnrin tó fi ẹnu ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ kì í ké pe obìnrin pé òun ń pàdánù.

Ní oṣù kẹsàn-án, òjò wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ọjọ́ Àìkú kan. Wọ́n dá ìsìn dúró. Mo padà sílé kí àkókò tó tó.

Fàúsátù wà lórí bákónì, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Ike kékeré wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Ó tẹ̀ ba bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, ó fi èékánná já àárín kábéèjì náà, bí a ṣe ń já tẹ̀tẹ̀. Ó sọ ọ́ sínú ike. Ó ń kọrin díẹ̀díẹ̀.

"Kí lò ń ṣe?"

Ó yíjú padà. "Ẹ káàbọ̀. Ẹ tètè dé. Mò ń já a lórí ni. Ẹ̀fọ́ tí a kò bá já lórí kì í pọ̀."

"Ìwọ ni?"

"Èmi ni kí ni?"

"Ìwọ lò ń já a láti oṣù keje? Mo fọ́n eérú, Fàúsátù. Mo ra pańpẹ́ eku."

"Ẹ kò bi mí."

"Kì í ṣe tẹ̀tẹ̀! Àárín yẹn ló ń di orí. Bí a bá já a, kò lè dì mọ́ láéláé."

Ó wo inú ike náà. Ó wò ó pẹ́. "Ta ló sọ fún mi?" ló bèèrè.

Kò sí ẹni tó sọ fún un. Oṣù mẹ́jọ la ti ń sọ̀rọ̀ kábéèjì, n kò sọ fún un rí bó ṣe ń dì. Ó yẹ kí n dákẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ti ń jẹ mí nínú. Kò se ewé wọ̀nyẹn fún mi jẹ rí. Níbo ló ń kó wọn lọ? Bóyá ó ti rí yàrá méjèèjì mi dáadáa, tí ilé bàbá rẹ̀ sì dára lójú rẹ̀. Bóyá ìtìjú ni kò jẹ́ kó lè kọ̀ mí lójú.

"Àbí o kò fẹ́ kó dì ni?" ni mo wí.

Ó gbé ike sílẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró. Ó fi kọ́kọ́rọ́ lé ojú fèrèsé.

"Ẹ̀yin àti bàbá mi lẹ jọ ta tẹ́tẹ́," ló wí. "Èmi kò bá yín ta."

Ó sọ̀kalẹ̀. Ọbẹ̀ ṣì wà lórí iná. Mo lọ pa iná náà.

N kò lọ sí Creek Road ní oṣù náà, n kò sì lọ ní oṣù tó tẹ̀lé e. Kò wá. Akpos gbé ọ̀rọ̀ lọ, ó gbé ọ̀rọ̀ bọ̀, kò sí èyí tó dára nínú rẹ̀.

"Mo ní ẹ kí i," ló wí.

"N kò ní kí o kí i."

"I know. Ó ní kí n kí yín padà. Òun náà kò sọ bẹ́ẹ̀."

Àwọn kábéèjì náà dúró lórí bákónì láìní orí. Kùkùté lásán àti ewé ìsàlẹ̀. Ó yẹ kí n fà wọ́n tu kí n gbin òmíràn. Lójoojúmọ́ ni mò ń lọ síbẹ̀ láti fà wọ́n tu, mo sì ń bomi rin wọ́n. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin kò ní ọdún púpọ̀ tí yóò fi máa bínú. Mo mọ ìyẹn. Mo sì ń bínú.

Ní ìparí oṣù kọkànlá, Akpos dé láti Tin Can lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà lórí ìlà. Kò tíì bọ́ bàtà tó fi gun òkè.

"Bàbá, ewé wo ni Alájì ń bèèrè?"

"Ewé kí ni?"

"Mo yà kí i. Ó ní, 'Ará Wàrí, ewé ńkọ́?' Mo ní ewé wo, sà? Ó ní every Sunday ni Ìyá Ìsìmáílà máa ń gbé ewé kábéèjì wá, tó máa fi ẹja gbígbẹ sè é. Ó máa ń sọ fún un pé, 'Ẹ jẹ ẹ́, bàbá. Ọkùnrin yẹn ló gbìn ín.' Ó ní ó ti tó oṣù méjì tí kò rí i mọ́."

Mo jókòó.

Ẹjọ́ mi ni Fàúsátù ń bá mi rò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló fi ń gbé oko mi lọ síwájú bàbá rẹ̀, ó ń fi bọ́ ọ, kí ó lè mọ̀ pé mo ní ibi tí mò ń gbin nǹkan sí. Èmi sì pè é ní ọ̀tá.

"Ẹ lọ bá Alájì," ni Akpos wí. "Now now."

"Ó ní bí kò bá dì, kí n má wá."

"Bàbá!" Ó di orí mú. "Ṣé kọ́ńkéré ni wọ́n fi mọ yín ni?"

N kò lọ bá Alájì. Creek Road ni mo lọ. Ọwọ́ mi ṣófo.

Ó rí mi. Kò dá maṣíìnì dúró.

"Àjákù ti tán," ló wí.

"N kò wá àjákù."

"Kí lẹ wá?"

"Mo ṣẹ̀."

Abẹ́rẹ́ ń lọ, ó ń bọ̀. Mo wá ọ̀rọ̀ míràn, n kò rí. Mo dúró nínú oòrùn. Tírélà mẹ́ta kọjá. Àwọn awakọ̀ ń wò mí.

"Ṣé ìyẹn nìkan?" ló bèèrè.

"Ìyẹn ni."

"Oṣù méjì. Ẹ̀yin sì gbé ọ̀rọ̀ méjì wá."

"Mo lè tún un sọ."

Ẹnu rẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sì kọ̀ fún un. "Ẹ ti fà wọ́n tu?"

"Rárá."

"Kí ló dé? Wọn kò wúlò mọ́."

"Ìwọ lo fọwọ́ kàn wọ́n gbẹ̀yìn."

Ó dá maṣíìnì dúró. Ó fi ojú sílẹ̀. Ó fa táyà kan sún mọ́ mi.

"Ẹ jókòó," ló wí. "Oòrùn yìí máa pa yín, ẹjọ́ yín á sì wá di ọ̀ràn mi."

Ọyẹ́ mú ní Èkó ní ọdún yẹn ju bó ṣe máa ń mú lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kejìlá, mo ń bomi rin àwọn kùkùté náà ní àárọ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀ka kéékèèké ti ń yọ ní ẹ̀gbẹ́ wọn. N kò kà á sí. Ní ọjọ́ náà, mo fọwọ́ kan ọ̀kan. Ó le. Mo fọwọ́ kan èkejì. Mo wá awò ojú mi.

Wọ́n ti ń dì. Kì í ṣe orí kan. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ní mẹ́ta, òmíràn ní mẹ́rin tàbí márùn-ún, gbogbo wọn kò ju ẹyin adìẹ lọ. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo tún dúró oṣù kan gbáko kí wọ́n lè tóbi. Fàúsátù ń wá ní ọjọ́ Àìkú. Kò dé bákónì mọ́. Ó ní òun kò fẹ́ ẹjọ́.

Ní àárín oṣù kìíní, mo mú èyí tó dára jù. N kò gé e. Bọ́kẹ́ẹ̀tì náà ni mo gbé, pẹ̀lú ilẹ̀ rẹ̀. Akpos gbà á lọ́wọ́ mi lórí àtẹ̀gùn, ó gbé e lé èjìká. Gbogbo àdúgbò ń wò wá.

"Bàbá Tèmí, àná yín ló fẹ́ kun ilé ni?" obìnrin kan kígbe láti ojú fèrèsé.

"Ìyá, na love dey inside," ni Akpos dá a lóhùn.

Alájì wà lórí àga rẹ̀. Ó ti rù sí i. Fàúsátù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ di férémù mú. Akpos gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì náà síwájú bàbá náà. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Mo gbé e wá, sà."

Ó na ọwọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti etí bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó fọwọ́ kan ilẹ̀, ó fọwọ́ kan kùkùté. Ó rí orí àkọ́kọ́, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ó rí èkejì. Ó lọ yí i ká, ó sì padà wá kà á lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Orí kan ni mo ní kí o gbé wá," ló wí. "Márùn-ún lo gbé wá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ta ló já a lórí?"

N kò fẹ́ kí ẹ̀bi kan obìnrin náà. "Èmi ni, sà."

"Irọ́. Ọmọ wáàfù kò mọ èyí." Ó gbójú sí ẹnu ọ̀nà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rí ibẹ̀ dáadáa. "Fàúsátù ló já a. Èmi ni mo kọ́ ọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà yẹn, lóko wa, ibi tí wọ́n ń páàkì tírélà sí báyìí. Mo ní, 'Já a lórí, yóò pọ̀.'"

Fàúsátù fi etí ìborùn nu ojú.

"Láti oṣù keje ni mo ti ń jẹ ewé rẹ," ni Alájì wí fún mi. "Nígbà tí mo jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo ti gbà. Mo ń retí kí o wá. O kò wá."

"Ẹ ní bí kò bá dì, kí n má wá, sà."

"Mo ní bẹ́ẹ̀. Ṣé bàbá ìyàwó á tún wá ránṣẹ́ pe ọkọ ni? Níbo ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

Mo wo bọ́kẹ́ẹ̀tì náà.

"Láti oṣù keje," ni Akpos ń sọ lábẹ́lẹ̀, ó ń fi ìka kà. "August, September, October..."

"O pẹ́," ni Alájì wí. "Olóríkunkun ni ọ́. Èmi náà bẹ́ẹ̀. Lọ pe ọmọ rẹ ní Ìbàdàn kó wá dúró fún ọ. Kó má pẹ́. Èmi kò ní ọdún kan míràn tí mo lè fi dúró de kábéèjì."

Ó fa Fàúsátù lé mi lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kejì. Tèmítọ́lá wá, ó kúnlẹ̀ kí Fàúsátù, kò sì tún bi mí ní ohun tí mo fẹ́.

Ọdún kan àti oṣù kan ni láti ọjọ́ tí mo wá àjákù tapólì. Nínú rẹ̀, a lè ti jọ gbé fún oṣù mẹ́fà. Mo máa ń rò ó. Kò sí ẹni tí yóò dá a padà fún wa.

Ní àárọ̀ ni ó ń lọ tọ́jú bàbá rẹ̀, láti ibẹ̀ ló ń gba Creek Road lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ó ń bọ̀ wálé. Mo ti gbin kábéèjì míràn. Bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá ni. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo bá a lórí bákónì, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń wò wọ́n. Èékánná rẹ̀ ń yún un.

Mo ya bọ́kẹ́ẹ̀tì márùn-ún sí apá ọ̀tún. Mo fi okùn tapólì pín in.

"Èyí ni tìrẹ," ni mo wí. "Já a bó ṣe wù ọ́."

"Tẹ̀yin ńkọ́?"

"Má fọwọ́ kan tèmi."

Ó rẹ́rìn-ín bó ṣe rẹ́rìn-ín ní ọjọ́ kìíní. "A óò wo ti ẹni tó máa pọ̀ jù," ló wí, ó sì tẹ̀ ba bọ́kẹ́ẹ̀tì.